Àkísà Inú Agogo

Thơm gbé àwo náà síwájú bàbá ọkọ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ó ní, "Ẹ̀dọ̀ ni, Bàbá. Ìyá Lụa ní kí n gbé e fún yín kó tó tutù. Ó ní ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ jẹ níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó jẹ."

Bàbá Toàn wo àwo náà bí ẹni tí wọ́n gbé ẹjọ́ ká iwájú rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ọ̀hún ti jinná dáadáa, wọ́n fi atalẹ̀ sè é, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo ilé. Lọ́jọ́ mìíràn, ọwọ́ bàbá ìbá ti dénú àwo kí Thơm tó nàró. Lọ́jọ́ yìí, ó fa ẹ̀wù òtútù rẹ̀ mọ́ra, ó ní ebi kò tíì pa òun.

"Ṣé ara yín ò yá ni?"

"Ara mi yá."

Nísàlẹ̀, láàárín àwọn òpó tó gbé ilé dúró, ẹfọ̀n bàbá ń jẹ koríko gbígbẹ. Wọ́n ń gbọ́ bó ṣe ń rún un lábẹ́ pákó tí wọ́n jókòó lé. Ìró yẹn gan-an ni kò jẹ́ kí bàbá lè wo ìyàwó ọmọ rẹ̀ lójú.

Kò sí ilé kan ní abúlé Pác Nà tí kò ra nínú ẹran ẹfọ̀n Ìyá Lụa láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀ nìyẹn tí òtútù bá pa ẹfọ̀n ẹnì kan: wọ́n á kun ún, gbogbo ilé á sì rà níbẹ̀, ebi ẹran ń pa wọ́n ni o, kò pa wọ́n ni o, kí ẹni tó ni ín má baà wà lọ́wọ́ òfo. Ẹ̀dọ̀ nìkan ni wọn kì í tà. Àgbà tí ẹni tó pàdánù bá bọ̀wọ̀ fún jù lọ ni wọ́n ń gbé e fún. Opó ni Ìyá Lụa, kò ní ju ẹfọ̀n kan yẹn lọ, oyún sì wà nínú ẹfọ̀n náà. Ó wo gbogbo abúlé látòkè délẹ̀, ó wá gbé ẹ̀dọ̀ fún ẹni tó ṣekú pa ẹran rẹ̀. Bàbá Toàn nìkan ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀, kò sí òtútù rárá. Ọdún ń lọ sópin, Tết, àjọ̀dún ọdún tuntun wọn, ti kù sí dẹ̀dẹ̀, síbẹ̀ oòrùn ń mú ganrín-ganrín, àwọn ọkùnrin ń bọ́ra sílẹ̀ ṣiṣẹ́. Igi píìṣì tó wà lẹ́yìn ojúbọ abúlé ti tanná ṣáájú àkókò rẹ̀. Ohun tí bàbá tó bí Bàbá Toàn sì fi kọ́ ọ ni pé bí igi yẹn bá ti tanná, òtútù ti kó ẹrù rẹ̀ lọ nìyẹn. Lẹ́yìn ìkórè ìrẹsì lọ́dọọdún, àwọn ará Pác Nà máa ń da ẹfọ̀n wọn sínú igbó orí òkè, kí wọ́n máa jẹko fúnra wọn títí di ìgbà ìtúlẹ̀. Bàbá Toàn ni wọ́n máa ń bi bóyá kí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ tàbí kí wọ́n kó wọn wálé. Kì í ṣì í. Ó mọ̀ pé òun kì í ṣì í, ó sì fẹ́ kí gbogbo ayé bá òun mọ̀ ọ́n.

Ìgbà náà ni ẹ̀rọ gbohùngbohùn abúlé bẹ̀rẹ̀ sí í ké pé òtútù ńlá ń bọ̀, kí oníkálukú lọ kó ẹran rẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Đàm, olórí abúlé, ló ń sọ ọ́, ọkùnrin tí Bàbá Toàn mọ̀ nígbà tó ń rá kòrò. Níbi ìgbéyàwó kan, bàbá fi í ṣe yẹ̀yẹ́ níṣojú gbogbo èèyàn, ó ní gbohùngbohùn kò ní imú tó lè fi gbóòórùn òdòdó. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Orí bàbá wú, ó da ife ọtí àgbàdo kan sí i sọ́fun, ó wá ní bí ìrì bá fi lè dì ní Pác Nà lọ́dún yìí, kí wọ́n máa fi orúkọ tí ìyá òun fi ń pe òun ní ìkókó pe òun. Orúkọ náà kò dáa létí, torí kí àìsàn má baà rí ọmọ gbé ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Ẹ̀rín tún sọ.

Àwọn tó rẹ́rìn-ín yẹn kan náà ló gòkè lọ́jọ́ kejì, tí wọ́n lọ kó ẹfọ̀n wọn wálé wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún bàbá, ṣùgbọ́n ó gbọ́ agogo wọn bí wọ́n ṣe ń kọjá. Ìyá Lụa nìkan ni kò lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, bàbá bọ́ sójúde láti bọ́jú, ó rí i pé omi inú abọ́ ti láwọ lójú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ó fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó fọ́. Thơm ti lọ sọ́jà ìlú, kò sí ẹni tó rí i bó ṣe mú okùn, tó ki àkísà kan sápò, tó sì kọrí sí òkè.

Ìyá Lụa jókòó lórí àtẹ̀gùn ilé rẹ̀, ó ń yín àgbàdo. Ó kí bàbá, ó bi í pé níbo ló ń lọ nínú kùrukùru yìí. Bàbá ní pàkúté òun lòun fẹ́ lọ wò.

"Ọwọ́ mi ti ń kú o, Bàbá Toàn," ni Ìyá Lụa wí. "Ṣé kí n lọ mú tèmi wálé báyìí? Đàm tún wá bá mi lánàá. Mo ní ẹnu yín ni mò ń wò."

Bàbá lè sọ ọ́ nígbà yẹn. Kò sí ohun tó di ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rò ó pé bí òun bá ní kó lọ mú un, kí oòrùn tó yọ, gbogbo abúlé á ti gbọ́ pé òdòdó ti já Bàbá Toàn kulẹ̀, Đàm á sì fi ìyẹn mutí títí ọdún á fi wọlé.

"Jẹ́ kó máa jẹko rẹ̀," ni ó wí. "Òtútù òwúrọ̀ lásán ni."

Ìyá Lụa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúpẹ́ o.

Gbogbo ẹfọ̀n Pác Nà ló ní agogo lọ́rùn, agogo onígi tí ẹni tó ni ín fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́, kò sì sí méjì tí ohùn wọn jọra. Obìnrin tó ń dáná nínú ilé á gbọ́ agogo lójú ọ̀nà, á ní ẹfọ̀n lágbájá ló ń kọjá yẹn, kò sì ní yọjú wò ó. Ìdí tí bàbá fi mú àkísà dání nìyẹn. Ó ki í sínú agogo ẹfọ̀n rẹ̀ títí tó fi yadi, ó sì gba ẹ̀yìn oko ìrẹsì wálé, níbi tí èèyàn kì í gbà. Ohun tó ṣe létí odò kó tó délé, kò fẹ́ rántí rẹ̀ rárá. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé tó bá dọ̀la, òun á fọgbọ́n sọ fún Ìyá Lụa.

Kó tó dọ̀la, yìnyín ti bo orí òkè. Oparun tẹ̀ kanlẹ̀, ó ń ṣẹ́ pẹ́kẹ́pẹ́kẹ́, omi dì sínú ọ̀pá tó ń gbé e wá sáwọn ilé. Àwọn ọkùnrin gòkè lọ pẹ̀lú Ìyá Lụa, òkú ẹfọ̀n ni wọ́n bá. Nígbà tí wọ́n rí ti Bàbá Toàn lábẹ́ ilé rẹ̀, wọ́n bi í báwo ló ṣe débẹ̀. Ó ní ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ ni. Wọ́n mirí, wọ́n ní ẹfọ̀n náà gbọ́n bí ẹni tó ni ín. Ìyá Lụa gan-an ní orí bàbá ló bá a ṣe é, ó sì kí i kú oríire pẹ̀lú omi lójú.

Gbogbo èyí ni bàbá ń rò nídìí ààrò, tí ẹ̀dọ̀ fi tutù síwájú rẹ̀. Thơm ti sọ̀kalẹ̀ lọ fún ẹfọ̀n ní koríko sí i. Ó pẹ́ kó tó gòkè padà, nígbà tó sì dé, ó mú nǹkan kan dání.

"Bàbá, ta ló ki èyí bọ inú agogo ẹfọ̀n wa? Látàná ni mo ti ń rò ó pé kí ló dé tí n ò gbọ́ ohùn rẹ̀."

Thơm tú àkísà náà wò. Apá ẹ̀wù Toàn ọkọ rẹ̀ ni, ẹ̀wù tó gbó kí Toàn tó lọ ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ńlá ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, òun Thơm fúnra rẹ̀ ló sì gé e, tó sì fi kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn bàbá kó lè máa fi nu ìkòkò tábà rẹ̀.

"Kò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wálé," ni ó wí. Kò gbé ohùn sókè.

"Kò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wálé," ni bàbá náà wí.

Ìtìjú mú un débi pé etí rẹ̀ gbóná nínú gbogbo òtútù yẹn. Ká ní Thơm pariwo mọ́ ọn ni, ì bá rí nǹkan fi bínú. Obìnrin náà kàn jókòó, ó mú ọmọrí, ó fi bo àwo ẹ̀dọ̀, bí ẹni tó ń bo ohun tí kò yẹ kí ojú rí. Bàbá wo ọwọ́ ara rẹ̀ títí. Ó wá dìde, ó ní òun ń mú ẹfọ̀n náà lọ fún Ìyá Lụa.

"Kí la ó wá fi túlẹ̀?"

"A ó lọ yá a lọ́wọ́ rẹ̀. Bí kò bá yá wa, ọkọ́ ṣì wà nílé."

Ọwọ́ Thơm ni ọkọ́ náà máa wà, àwọn méjèèjì mọ̀ bẹ́ẹ̀. "Ẹ wọ ẹ̀wù kan sí i," ni ó wí níkẹyìn. "Òtútù wà níta."

"Fún mi ní àkísà yẹn."

Bàbá kò gba ẹ̀yìn oko lọ́jọ́ yẹn. Àárín abúlé ló gbà, lọ́sàn-án gangan, agogo sì ń dún lọ́rùn ẹfọ̀n ní gbogbo ìṣísẹ̀. Àwọn èèyàn gbọ́ ọ, wọ́n mọ̀ ọ́n, àwọn mìíràn sì yọjú torí pé kì í ṣe àsìkò tí ó yẹ kó máa dún. Đàm bi í láti ẹnu ọ̀nà ilé ìpàdé pé níbo ló ń mú un lọ. Bàbá ń rìn lọ, Đàm bá tẹ̀ lé e.

Àwọn obìnrin ṣì ń fọ ìkòkò lójúde Ìyá Lụa, àwọn ọkùnrin díẹ̀ jókòó ti iná, wọ́n ń mutí. Ìyá Lụa jáde sórí àtẹ̀gùn nígbà tó gbọ́ agogo.

"Bàbá Toàn, ẹ wá yáná. Ṣé ẹ ti jẹ ẹ̀dọ̀ yẹn?"

"N ò tíì jẹ ẹ́. Mo ní ọ̀rọ̀ kan, orí ìdúró ni mo sì ti fẹ́ sọ ọ́."

Ó ti to ọ̀rọ̀ náà dáadáa bó ṣe ń bọ̀ lọ́nà, ó ti bá òdòdó wí, ó ti bá ọjọ́ ogbó wí. Gbogbo rẹ̀ fò lọ. Ó na àkísà náà síwájú.

"Mo parọ́ fún ọ. Lọ́jọ́ tí mo ní mò ń lọ wo pàkúté, ẹfọ̀n mi ni mo lọ mú. Mo fi èyí dí agogo rẹ̀ lẹ́nu kí o má baà gbọ́. Mo ti mọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn pé mo ṣì í. Ojú ló ń tì mí láti sọ ọ́."

Àwọn tó ń fọ ìkòkò dáwọ́ dúró. Bàbá rí i pé òun lè dákẹ́ síbẹ̀, pé ìyẹn náà tó. Ṣùgbọ́n ó ń bá a lọ.

"Tìrẹ tẹ̀ lé wa. Ó tẹ̀ lé tèmi dé odò, mo sì fi igi lé e padà. Mo rò ó pé bí mo bá mú méjì wálé, wọ́n á bi mí léèrè."

Ìyá Lụa di igi àtẹ̀gùn mú. "Níbo létí odò?"

"Níbi òkúta pẹlẹbẹ, ibi tí a ti ń sọdá."

"Ibẹ̀ la ti bá a," ni Ìyá Lụa wí. "Mo ti ń bi ara mi léèrè látàná. Abẹ́ àpáta wà lókè níbẹ̀ tí wọ́n máa ń sá sí, gbogbo ẹfọ̀n ló mọ̀ ọ́n. Mo ní kí ló wá ń ṣe létí odò? Ó kúnlẹ̀ síbẹ̀, Bàbá Toàn. Ọ̀nà ilé ló kọjú sí."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tí bàbá torí rẹ̀ ṣe gbogbo nǹkan tó ṣe, kò gbọ́ ọ rárá. Đàm gbé ojú sọ́nà ibòmíràn. Ìyẹn ló wá dun bàbá jù, pé wọ́n ń ṣàánú rẹ̀ débi pé wọn kò fẹ́ wo ojú rẹ̀.

"Mo mú un wá," ni ó wí. "Tìrẹ ni."

Ìyá Lụa wo ẹfọ̀n náà pẹ́ títí. Bàbá ń retí èébú, ó tilẹ̀ ń wá a. Obìnrin náà na ọwọ́ sí abẹ́ ilé rẹ̀.

"Òpó rẹ̀ nìyẹn. Ẹ so ó mọ́ ọn."

Ìka bàbá ti kú, okùn kò tètè ta kókó. Kò sí ẹni tó dìde ràn án lọ́wọ́. Nígbà tó so ó tán, tó yí padà láti máa lọ, Ìyá Lụa pè é.

"Ẹ̀dọ̀ yẹn. Ẹ má gbé e fún ajá, ẹ má sì gbé e padà wá fún mi. Ẹ jẹ ẹ́ tán."

Nígbà tó délé, Thơm fẹ́ gbé àwo náà padà sórí iná. Bàbá ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó jókòó, ó ṣí ọmọrí, ọ̀rá ti dì lójú ẹ̀dọ̀. Abẹ́ pákó dákẹ́ rọ́rọ́. Láti òdìkejì abúlé, ó ń gbọ́ agogo tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́, tó ń dún nílé onílé. Ó mú ègé kan, ó fi sẹ́nu, ó rún un, ó gbé e mì, ó sì tún na ọwọ́ sí òmíràn.