Òkèlè Ojú Oorun

Inú fíríìjì ni ọmọ ọmọ mi, Mobọ́lárìn, ń gbé. Fíríìjì náà ga bí ilé alájà méjì, ó funfun, ó dá dúró létí títì kan tí ẹnikẹ́ni kò gbà kọjá, nọ́ńbà ilé sì wà lára ilẹ̀kùn rẹ̀ bí ó ti yẹ kó wà. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn débẹ̀ láti Ìrèé. Kò pẹ́ rárá. Orúnkún kò dùn mí, ibẹ̀ ni mo sì ti mọ̀ pé ojú oorun ni mo wà, nítorí ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí orúnkún òsì mi ti ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo.

Mo kan ilẹ̀kùn, tí kò tì tán. Ilẹ̀kùn béèrè pé ta ni. Mo ní èmi ni, ìyá tó bí ìyá rẹ̀.

"Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ wọlé, Màmá," ilẹ̀kùn wí. "Mo ti rí ìdí yín láti ọ̀ọ́kán."

Kò bú mi, òótọ́ ló sọ. Ìdí tí èèyàn fi jókòó ti máṣíìnì ìránṣọ fún ọgbọ̀n ọdún kì í ṣe ìdí kékeré. Mo fi ẹ̀gbẹ́ wọlé. Apá kan wọlé, apá kejì dúró níta díẹ̀ bí ẹni tó ń kí ará àdúgbò, kó tó tẹ̀lé mi.

Bọ́lárìn jókòó lórí pẹpẹ kejì, ó wọ kóòtù, ó wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì lé ara wọn, àwọn ìwé rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Rẹ̀mí ọmọ mi ló bí i, ṣùgbọ́n èmi ni mo tọ́ ọ láti ìgbà tí wọ́n ti já a lẹ́nu ọmú. Ọdún méjì nìyí tó ti lọ sí ìlú òyìnbó láti kọ́ ìmọ̀ nípa oúnjẹ: ohun tó yẹ kí èèyàn jẹ, ìwọ̀n tó yẹ kó jẹ, àti ohun tí oúnjẹ ń lọ ṣe nínú ara. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ló máa ń pè mí lórí fóònù. Màmá, ẹ dín iyọ̀ kù. Màmá, ṣé ẹ rìn lónìí? Màmá, èbà alẹ́ yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Màá ní mo ti fi í sílẹ̀ tipẹ́. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Màmá, ẹ gbé e mì ná kẹ́ ẹ tó parọ́."

Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí pẹpẹ, ó kúnlẹ̀ kí mi. Orúnkún rẹ̀ dún bí ìgbà tí ṣíbí méjì bá kọ lu ara wọn. Aago tí mo rà fún un nígbà tó ń lọ ti gòkè láti ọrùn ọwọ́ títí dé ìgunpá, torí ibẹ̀ ló ti rí ibi dì mú.

Òṣùwọ̀n kan wà nílẹ̀, irú èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì máa ń ní ká gùn. Mo kọ́kọ́ gùn ún. Ó mí kanlẹ̀.

"Ìyá àgbà," ó wí, "ẹ̀ bá ti ké sí mi kẹ́ ẹ tó gùn mí."

Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, mo sọ̀ kalẹ̀. Mo ní kí Bọ́lárìn náà gùn ún. Ó gùn ún, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì dúró dáadáa. Òṣùwọ̀n dákẹ́. Nígbà tó yá, ó ní, "Ṣé ẹnì kan wà níbẹ̀?"

"Èmi ni," Bọ́lárìn wí.

Òṣùwọ̀n ní òun kò gbọ́ ẹnikẹ́ni.

Bọ́lárìn sọ̀ kalẹ̀. "Bó ṣe máa ń wí nìyẹn, Màmá," ó wí, ohùn rẹ̀ kò yí padà.

Mo bi í pé kí ló jẹ lónìí. Ó ní òun ti se oúnjẹ. Mo ní, "Mi ò béèrè ohun tó o sè." Ó wolẹ̀.

Ó ti se oúnjẹ lóòótọ́. Abọ́ mẹ́fà tò sórí pẹpẹ kẹta, ó lẹ bébà mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, Mọ́ńdè títí dé Sátidé. Ọjọ́ Àìkú ló máa ń se gbogbo rẹ̀ pa pọ̀, bí ìwé ṣe kọ́ ọ. Ẹ̀fọ́ òyìnbó kan tí etí rẹ̀ ká wọnú ara wọn gba ìlàjì abọ́. Ẹja kan wà níbẹ̀ tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Epo kò ju ṣíbí tíì kan. Òkèlè tó fi òótì, ọkà òyìnbó, rò wà nínú náílọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó kéré bí ìkúùkù ọmọdé. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ìkankan nínú wọn.

"Ẹ káàbọ̀, Màmá," abọ́ Mọ́ńdè wí. "Láti ọjọ́ tó ti sè wá, ojú ló fi ń wò wá."

"Á fọwọ́," abọ́ Túsìdeè wí, "á jókòó tì wá. Tó bá ṣe díẹ̀, á dé wa padà."

Ògiri fíríìjì wá mọ́ gaara bíi díńgí. Mo rí i pé fíríìjì pọ̀ lójú títì náà, wọ́n tò lọ títí ojú mi ò fi tó wọn mọ́. Ẹnì kọ̀ọ̀kan wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n wọ kóòtù, wọ́n gbé fóònù ti ara kọ́ọ̀bù, oúnjẹ wà níwájú wọn, wọ́n sì ń wo fóònù. Ògiri tún funfun padà.

Mo ní kí Bọ́lárìn jẹun níṣojú mi. Kò jà mí níyàn. Ó gbé abọ́ Mọ́ńdè wá, ó tú náílọ̀n, ó fọwọ́, ó gbé omi wá fún èmi náà, mo fọwọ́. Ó jókòó sílẹ̀, ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ jọ, ó gbé abọ́ sáàárín àwa méjèèjì. Ó wá ń wo ọwọ́ mi.

Mo mọ ìwò yẹn. Inú abọ́ kan náà ni èmi àtọmọ yìí ti jọ jẹun fún ọdún mẹ́tàdínlógún. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin, ó ki ọwọ́ bọ abọ́ ṣáájú mi, mo sì fi ìpọnbẹ̀ gbá a lọ́wọ́. Mo ní ọwọ́ àgbà ló ń ṣíwájú. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá dúró ń ròyìn ẹnì kan fún ẹnì kan lẹ́nu ọ̀nà, ẹ sì mọ̀ pé mo lè ròyìn, oúnjẹ á tutù, ọmọ yìí á jókòó tì í, á máa gbé itọ́ mì, á máa retí kí n bu òkèlè. Mo máa ń fi ṣe fáàrí láàárín àwọn ẹgbẹ́ mi. Mo ní ẹ wá wo ọmọ tí a kọ́.

Ọdún méjì, kò sí ọwọ́ kankan tó ṣíwájú tirẹ̀ nínú abọ́.

"Màmá," ó wí, "ẹ ò tíì bu òkèlè."

Ọ̀rọ̀ dé ibi tó le. Ogójì ọdún ni mo fi kìlọ̀ fún àwọn obìnrin ìjọ wa pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jẹun lójú oorun. Ẹni tó bá jẹ ẹ́, kí ó jí, kí ó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, nítorí a kì í mọ ẹni tó sè é. Mo ti mú kí Ìyá Rótìmí gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta nítorí ẹ̀pà tó jẹ lójú oorun, ẹ̀pà tí kò kún ọwọ́. Obìnrin náà bẹ̀ mí, ó ní èèpo ni òun rí jẹ jù níbẹ̀. Mo ní kó gbà á bẹ́ẹ̀.

Mo fi oríkì rẹ̀ pè é, mo ní, "Máa jẹ, Àwẹ̀ró. Mo yọ̀ǹda fún ọ."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n ní ẹ ò kọ́ mi ni?"

Ó gbé ọwọ́ lé orúnkún, ó ń dúró. Mo wo ọwọ́ náà, mo sì ń rí aṣọ rẹ̀ láti ẹ̀yìn ọwọ́, bí ìgbà tí èèyàn bá wo nǹkan láti inú omi. Díẹ̀díẹ̀ ni ọwọ́ náà ń mọ́ sí i.

Ibẹ̀ ni Bàbá Rẹ̀mí gbà kọjá. Ọkọ mi ni. Ọdún kọkànlá rèé tí ẹ̀jẹ̀ ríru pa á. Iyọ̀ ló ń fi jẹ àgbàdo, iyọ̀ ló ń fi jẹ ọsàn, bí èèyàn bá sì fi ojú sílẹ̀, á wọ́n ọn sí búrẹ́dì. Ó wọ ṣòkòtò péńpé àti bàtà kánfáàsì funfun, ó ń gbá ọwọ́ síwá sẹ́yìn, ó ń yí inú fíríìjì náà po.

"Bàbá Rẹ̀mí, kí lò ń ṣe?"

"Mo ń rìn."

"Ìwọ tó máa ń rán ọmọ lọ wo ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn?"

"Ẹgbàárùn-ún ìṣísẹ̀ lójúmọ́," ó wí. "Èmi fúnra mi ni mò ń kà á. Tó bá dà rú mọ́ mi lójú, màá tún bẹ̀rẹ̀. Àyọ̀ká, ṣé kò sí iyọ̀ lọ́wọ́ rẹ?"

Mo ní kò sí. Mo fi oúnjẹ hàn án, mo bi í bóyá kí n jẹ ẹ́. Ó dúró, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dúró, ó ń rìn lójú kan.

"Àwa òkú la máa ń gbé oúnjẹ wá fún yín lójú oorun," ó wí. Ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi. "Èmi ò gbé nǹkan kan dání."

Lóòótọ́, òógùn nìkan ló wà níbẹ̀. Ó ní kí n wá bá òun rìn díẹ̀. Ó ní ọ̀nà náà gùn, òun kì í rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Mo ní kó jẹ́ kí n bá ọmọ yìí jẹun ná. Kò dúró dè mí. Nígbà tó wà láyé náà, kì í dúró dè mí. Bí a bá jọ jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, á ti délé, á ti bọ́ agbádá, á ti na ẹsẹ̀, kí n tó dé orí afárá. Ó yí igun pẹpẹ kejì, ó lọ. Àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà rẹ̀ mọ́ tónítóní.

Mo wo òkèlè. Mo ní bó bá fẹ́ pa mí, kó pa mí, ara tó máa pa níbí pọ̀, yóò gbà á lákòókò. Mo bu ú.

Ó tutù, ó le bí ọṣẹ ìfọṣọ. Mo fi run ẹ̀fọ́, ẹ̀fọ́ kò ní iyọ̀, kò ní ata, adùn rẹ̀ kò ju ti bébà lọ. Mo gbé e mì. Mo dúró kí nǹkan ṣẹlẹ̀. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ ju pé ó sọ̀ kalẹ̀ lọ́fun mi, tó sì dé ibi tó ń lọ.

Ọwọ́ Bọ́lárìn tẹ̀lé tèmi. Ó bu kékeré, ó di ojú, ó gbé e mì. Mo bu ìkejì, ó bu ìkejì. Bí mo bá dúró, ó dúró. Nítorí náà mi ò dúró. A jẹ Mọ́ńdè tán, abọ́ náà sọ pé ẹ ṣeun. A jẹ Túsìdeè. Ní ìdajì Wẹ́sìdeè, orí pẹpẹ náà di ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ní Ìrèé, ewúrẹ́ aládùúgbò gbóòórùn òótì náà, ó kọ̀ ọ́, ó lọ. Pẹpẹ tún padà di pẹpẹ. Ìró mi tú lábẹ́ ikùn, mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

"Olùkọ́ wa ní kí kálukú sọ ohun tó jẹ dàgbà," Bọ́lárìn wí nígbà tí a dé Fúráìdè. "Mo ní ìyá ìyá mi. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín, Màmá."

"O sì lè jẹ mí tó bẹ́ẹ̀," mo wí. "Mo ṣẹ́ kù rẹpẹtẹ."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo wo ọwọ́ rẹ̀, mi ò rí aṣọ rẹ̀ láti ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́. Ọwọ́ ni mo rí, ẹ̀fọ́ wà lára rẹ̀.

Nígbà tí a nu abọ́ Sátidé tán, ó yán, ó fi orí ti itan mi. Ó ní oorun ń kun òun, ṣùgbọ́n iná inú ilé yìí kì í kú, ọdún méjì ni òun ti ń wá ibi tí wọ́n ti ń pa á. Mo wòkè. Iná náà wà níbẹ̀, ó tàn kárí gbogbo ilé. Ẹni tó bá ní fíríìjì nílé mọ̀ ọ́n: kò sí bí iná rẹ̀ ṣe lè kú, àfi kí ẹnì kan wà níta, kó ti ilẹ̀kùn.

Mo sọ fún un. Ó wá dìde, ó gbé omi wá nínú abọ́.

"Ẹ fọwọ́ kẹ́ ẹ tó lọ, Màmá."

Mo wo omi náà. Nílé wa, bí àgbà bá ti fọwọ́, oúnjẹ parí nìyẹn, ọmọdé á dìde, á palẹ̀ abọ́ mọ́. Mo ní kó gbé e sílẹ̀, kó dùbúlẹ̀. Mo fi ọwọ́ òsì bò ó láṣọ, mo fi ẹ̀gbẹ́ jáde. Mo ti ilẹ̀kùn. Iná tó yọ létí rẹ̀ tín-ín-rín, ó sì kú.

Yìnyín ń rọ̀ níta. Ó bà lé ọwọ́ ọ̀tún mi, ó ń yọ́, ó ti fẹ́ máa fọ òótì náà kúrò. Mo ki ọwọ́ bọ abẹ́ bùbá mi, mo fi í mọ́ abẹ́ apá níbi tó gbóná, mo sì dúró síbẹ̀, kí yìnyín má baà fọ̀ ọ́.