Wọ́n Pe Ládépọ̀ Sórí Pápá

Ládépọ̀ fi ọwọ́ méjèèjì di etí nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ń wọ ibùdókọ̀ Port Credit lókè òkun. Ó dijú, ó tẹrí ba, bí ẹni tí yìnyín ká mọ́ ìta gbangba. Àwọn èrò tó wà nítòsí wò ó, wọ́n sì yára wo ibòmíràn. Géńdé tí èjìká rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn ni. Ìyádùnní, àbúrò rẹ̀, rọra di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Rọra. Ó ti ń dúró. Má tíì lajú."

Nínú ọkọ̀, ó wá ìjókòó tó jìnnà sí fèrèsé fún un, ó fi awò dúdú bò ó lójú, ó sì fún un ní rọ́bà kékeré méjì tí wọ́n fi ń di etí. Gbogbo ohun tó ní kí Ládépọ̀ ṣe ló ṣe. Kò bá a jiyàn rárá.

Ní irú òpin ọ̀sẹ̀ yìí lọ́dún tó kọjá, orúkọ Ládépọ̀ ni gbogbo yunifásítì ń pariwo. Homecoming ni wọ́n ń pè é. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde á padà wá sí ọgbà, wọ́n á máa yan ẹran níbi ìgbọ́kọ̀sí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á fi àwọ̀ ilé ìwé kun ojú, àwọn onífèrè á sì ṣíwájú gbogbo wọn lọ sí pápá lọ wo bọ́ọ̀lù. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fẹsẹ̀ gbá ní Ìbàdàn. Èyí tí wọ́n ń gbé sáré ni, tí wọ́n sì ń fi gbogbo ara kọlu ara wọn. Iṣẹ́ Ládépọ̀ ni láti dá ẹni tó bá gbé bọ́ọ̀lù dúró. Lọ́jọ́ náà, ó dá ẹnì kan dúró, orí Ládépọ̀ sì mì nínú akoto. Ó dìde, ó ní kò sí nǹkan kan. Ó tún dá ẹlòmíràn dúró. Lẹ́ẹ̀kejì yìí, kò dìde.

Láti ìgbà náà ni ìmọ́lẹ̀ ti ń dùn ún, tí ariwo ń dùn ún. Kò lè ka ìwé pẹ́ kí orí má bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ, kò sì lè padà sẹ́nu ẹ̀kọ́ rẹ̀. Nínú condo tí wọ́n ń gbé, wọn kì í ká aṣọ fèrèsé yàrá rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀ nílé ìwòsàn ni dókítà dúró sí, nígbà tí Ládépọ̀ ń sùn, tó sọ fún ìyá wọn pé ọmọ náà kò ní ṣeré bọ́ọ̀lù mọ́ láyé. Ìyá wọn fa Ìyádùnní jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì kìlọ̀ fún un pé Ládépọ̀ kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Bí a bá gba ìrètí lọ́wọ́ ọmọ náà, kí ni yóò fi máa dìde láàárọ̀? Ohun tó bá ojú ló bá imú. Bí wọ́n ṣe jọ gbé e pamọ́ nìyẹn. Bí Ládépọ̀ bá béèrè, wọ́n á ní ó kù díẹ̀. Nígbà tó yá, kò béèrè mọ́.

Nígbà tí olùkọ́ni ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù pè é kó wá gba ìyìn lórí pápá, Ìyádùnní, tó wà lọ́dún kejì ní yunifásítì kan náà, ló bá a dáhùn pé yóò wá. Ìyá wọn kọ́kọ́ kọ̀. Lẹ́yìn náà ló ní bóyá orí rẹ̀ á yá bó bá fojú kan àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Bọ́ládé, ọ̀rẹ́ Ìyádùnní tí wọ́n jọ wà lọ́dún kejì, ti gbé ọ̀dà dúró dè wọ́n lẹ́nu géètì. Kí Ìyádùnní tó yánu, ó ti fa ìlà búlúù sí i lẹ́rẹ̀kẹ́. Èéfín ẹran gba gbogbo afẹ́fẹ́. Àwọn bàbá olórí funfun ń dì mọ́ra wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Bọ́ládé bi Ládépọ̀ bóyá òtútù ń mú un. Ìyádùnní dáhùn pé kò mú un. Ó bi í bóyá ó máa jẹun. Ìyádùnní ní inú rẹ̀ kò gbà á. Ládépọ̀ ń wo àwọn méjèèjì lẹ́nu láti ẹ̀yìn awò dúdú.

Ibẹ̀ ni Kúnmi, tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́, ti rí wọn. Ó ti wọ aṣọ eré tán. Ó sáré wá dì mọ́ Ládépọ̀.

"Captain. Next season ńkọ́?"

"A máa rí i," ni Ládépọ̀ wí, ó sì rẹ́rìn-ín.

Kúnmi fọwọ́ kàn án lẹ́yìn jẹ́jẹ́, bí ẹni ń fọwọ́ kan àwo tó ti sán, ó sì padà sọ́dọ̀ àwọn yòókù.

Nígbà tí eré dé ìdajì, wọ́n ní kí Ládépọ̀ wá dúró lẹ́nu ọ̀nà tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ń gbà wọlé. Ìyádùnní tún kọ́là rẹ̀ ṣe.

"Wọ́n á pe orúkọ rẹ. Kí o juwọ́ sí wọn, kí o gba ohun tí wọ́n bá fún ọ, kí o padà wá bá mi. Má sáré. Ṣé o gbọ́?"

Ládépọ̀ yọ awò náà kúrò lójú.

"Ìyádùnní, ìgbà wo ni mo di 'ìwọ' fún ọ?"

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ìyádùnní fi kọ́là náà sílẹ̀. Láti kékeré, Bọ̀dá Ládé ló ń pè é. 'Ẹ' ló ń lò fún un. Ó wá ọjọ́ tí èyí yí padà nínú ọkàn rẹ̀, kò rí i. Bóyá láti ìgbà tó ti ń fi ṣíbí bọ́ ọ ni. Kò sẹ́ni tó ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹnu rẹ̀ kàn sọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ di ọmọdé ni.

Wọ́n pe orúkọ Ládépọ̀. Wọn kò pè é dáadáa, ṣùgbọ́n gbogbo èrò dìde. Òun nìkan ló rìn jáde. Wọ́n fún un ní aṣọ eré rẹ̀ nínú férémù, ó gbé ọwọ́ sókè, àtẹ́wọ́ sì bo pápá. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé koríko, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àtẹ́wọ́ fi tán. Àwọn ènìyàn ti jókòó, wọ́n ti padà sídìí oúnjẹ àti ọ̀rọ̀ wọn, kó tó dìde. Ẹnikẹ́ni kò wò ó mọ́ bó ṣe ń rìn bọ̀.

Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Ìyádùnní, òógùn ti bò ó. Wọ́n jáde kúrò ní pápá. Lábẹ́ igi kan lẹ́yìn ilé ìkàwé, ó bì, ó sì jókòó sórí àga gbọọrọ tó wà níbẹ̀. Ìyádùnní ṣí omi fún un.

"Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ mu ún díẹ̀díẹ̀. Ó kù díẹ̀, Bọ̀dá Ládé. Tó bá di ọdún tó ń bọ̀—"

"Mi ò sùn lọ́jọ́ yẹn."

"Ọjọ́ wo?"

"Ọjọ́ tí dókítà bá Mọ́mì sọ̀rọ̀. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀."

Ariwo ńlá sọ láti pápá. Ẹnì kan ti gbé bọ́ọ̀lù dé ibi tó ń gbé e lọ. Ládépọ̀ ní òun kì bá tí wá, ṣùgbọ́n òun fẹ́ dágbére fún ibẹ̀.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa?"

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu.

"Mọ́mì ló ń jí lọ síbi iṣẹ́, Ìyádùnní. Ìrètí yẹn ni wọ́n fi ń dìde. Báwo ni mo ṣe máa gbà á lọ́wọ́ wọn?"

Fóònù rẹ̀ dún. Ìyá wọn ló ń pè láti Meadowvale, níbi tó ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Àsìkò ìsinmi rẹ̀ ni. Ládépọ̀ gbé fóònù náà sórí itan, ó fi í sí speaker. Ó ròyìn fún un pé gbogbo èrò dìde fún òun, pé àtẹ́wọ́ náà pọ̀, pé Ìyádùnní tọ́jú òun dáadáa. Kò mẹ́nu ba èébì.

"Ọlọ́run ṣeun," ni ìyá wọn wí, ẹkún ayọ̀ sì ti wà lóhùn rẹ̀. "Lọ́dún tó ń bọ̀, kì í ṣe pé wọ́n á pè ọ́ wá juwọ́. Ìwọ fúnra rẹ lo máa dé akoto rẹ, wàá sáré lórí pápá yẹn, ní orúkọ Jésù."

Ládépọ̀ pa ojú dé.

"Àmín, Mọ́mì."

Ìyádùnní jókòó tì í. Láràárọ̀, bí ìyá wọn bá ń gbàdúrà kó tó jáde, ló máa ń gbọ́ àmín yẹn láti inú yàrá tó ṣókùnkùn. Tẹ́lẹ̀, ó máa ń rò pé ìrètí ni.