Akàn Tó Gbé Agboòrùn

Bí ẹnikẹ́ni bá ti rí akàn tó gbé agboòrùn rí, kí ó jọ̀wọ́ wá sọ àwọ̀ rẹ̀ fún Dora. Odidi ọjọ́ mẹ́rin ni ọmọbìnrin náà fi tẹjú mọ́ aṣọ funfun tí ó tẹ́ sórí itan, kò sì tíì ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan.

Mísíìsì Ọdúnlámì ló ya àwòrán náà. Ìjẹ̀bú ni obìnrin yìí, òun ni ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ìránṣọ kan ní Òkìtìpupa, ó sì ń wá ẹnì kan ṣoṣo tí yóò máa bá òun kọ́ àwọn ọmọdé ní iṣẹ́ abẹ́rẹ́. Ọmọbìnrin mẹ́jọ ló fẹ́ ipò náà lọ́dún 1964 yẹn. Ó fún gbogbo wọn ní aṣọ tí ó ya àwòrán kan náà sí: akàn jókòó sínú ọkọ̀ ojú omi, ó fi ọwọ́ kan gbé agboòrùn, ó ń fi èkejì wa ọkọ̀, ẹja àrọ̀ méjì yọrí lódò, ọ̀kan dé fìlà, wọ́n ń fi í rẹ́rìn-ín. Ó ní kí oníkálukú mú ìdì òwú méjìlá nínú àpótí, kí ó fi àwọ̀ tó bá wù ú àti irú ìrán abẹ́rẹ́ tó bá wù ú ṣe é, kí ó sì gbé e padà wá ní ọ̀sẹ̀ méjì. Òwú tí wọ́n bá ti mú, kò sí òmíràn.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Helen, ìyá Dora, ti wí i gbangba pé bí wọn kò bá mú un, Erinje ló ń lọ, kí ó lọ bá ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́ gbágùúdá. Dora kò kórìíra oko. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ó ti wà ní kíláàsì kẹta, abẹ́rẹ́ nìkan ni ohun tí ẹnikẹ́ni fi ń yìn ín. Ẹ̀rù ń bà á pé bí abẹ́rẹ́ bá kúrò lọ́wọ́ òun, kò ní sí ohun tí wọn yóò tún rí wí nípa òun mọ́.

Ìyọnu ibẹ̀ ni pé kò yan nǹkan kan fúnra rẹ̀ rí. Ní ilé ìwé mọ́dà, olùkọ́ ni í sọ pé ewé gbọ́dọ̀ rí báyìí, òdòdó gbọ́dọ̀ rí báyìí, òun a sì rán an kó gún régé. Ó wá béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Helen ní akàn odò dúdú, akàn inú ọbẹ̀ ló ń pọ́n, ẹni tó bá ṣì ń wa ọkọ̀ kò tíì wọ ìkòkò. Òótọ́ ni. Lucas tó ń darí ẹgbẹ́ akọrin ní agboòrùn kì í ní àwọ̀ méjì, dúdú ni bíi ti pásítọ̀. Òótọ́ náà ni. Agatha, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Àyèká tí wọ́n ń gbé, tí òun náà ń du ipò ọ̀hún, ní tòun, ohun tó bá ń tàn yòò ni Mísíìsì fẹ́ràn. Dora gbà pẹ̀lú gbogbo wọn. Bí ó bá fẹ́ sùn, akàn náà a pọ́n. Bí ilẹ̀ bá mọ́, a ti dúdú. Nígbà tí orí rẹ̀ fẹ́ dàrú, ó bá ẹgbẹ́ akọrin lọ síbi ìkórè ní Ode-Irele, ó sì fi òwú rẹ̀ sílẹ̀ nínú agbọ̀n. Kí a má parọ́, ńṣe ló sá lọ.

Ọjọ́ tó lọ gan-an ni òjò ńlá rọ̀, tí òrùlé jò sínú agbọ̀n náà. Aníwúrà, ìyá bàbá Dora, ló nawọ́ kàn án. Ojú ìyá àgbà yìí ti ṣú láti ọdún mẹ́ta, ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà nìkan ló kù tó ń rí, síbẹ̀ òun ló ṣì ń mọ púpurú ilé wọn, oúnjẹ gbágùúdá tí a ń mọ róbótó, tó ń tò ó sórí àjà ìdáná kí èéfín lè gbẹ ẹ́. Nínú ilé yẹn, ohun tí a kò bá fẹ́ kó bàjẹ́, òkè iná là ń gbé e sí: púpurú, ẹja, àgbàdo tí a ó gbìn. Ìyá àgbà kó òwú náà sínú ajọ̀, ó gbé e ti púpurú. Ọjọ́ mẹ́ta ló wà níbẹ̀.

Nígbà tí Dora dé, ìyá àgbà ló kọ́kọ́ kí i. Ìyá yìí kì í sọ Yorùbá ilé ìwé, uná ni iná lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, “Dora, òwú rẹ wà lókè uná. Òjò ì bá ti bà á jẹ́.”

Dora gbé ajọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo òwú méjìlá ti di àwọ̀ kan náà, àwọ̀ èèpo púpurú tí a máa ń ha dànù. Ó fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n, ó fọ̀ wọ́n títí, omi ló dúdú, òwú kò mọ́. Ó wá èyí tó jẹ́ pupa tì. Omijé bọ́ lójú rẹ̀, ó sì dìde láti lọ sọ fún ìyá àgbà pé ó ti ba òwú òun jẹ́. Helen fà á lápá sẹ́yìn ilé.

“Ojú ti fi í sílẹ̀,” ni Helen wí. “Ọwọ́ nìkan ló kù fún un. Má jẹ́ kó gbọ́ pé ọwọ́ náà ti ń ba nǹkan jẹ́.”

Báyìí ni omi ṣe tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Ẹni tí kò mọ àwọ̀ tí yóò yàn tẹ́lẹ̀, kò wá rí àwọ̀ kankan yàn mọ́. Ìyá àgbà kò tilẹ̀ jẹ́ kó jókòó ronú, ó ń bi í pé kí ló wà lára aṣọ náà. Dora ṣàlàyé, kò yé ìyá; ó ní akàn wo ló ń bẹ̀rù òjò? Ó ní kí wọ́n gbé e wá kí òun fọwọ́ kàn án. Àwòrán yíyà kò ṣeé fọwọ́ mọ̀, ni Dora bá mú àkísà kan, ó rán ìrán tó so mọ́ra bí ẹ̀wọ̀n sí i, ó ní akàn nìyẹn. Ìyá àgbà fi ìka tọ̀ ọ́, ó ní okùn ni. Dora ta kókó wẹ́wẹ́ jọ, ìyá ní ehn, ẹ̀yìn akàn nìyí. Ó rán èyí tó tẹ́ dan pẹ̀lẹ́bẹ́, ìyá ní ẹja àrọ̀ ni, kò ní ìpẹ́. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn lójoojúmọ́. Dora kò mọ̀ bóyá ohun tí òun ń ṣe dára tàbí kò dára, ṣùgbọ́n kò tú ìrán kan tí ìyá àgbà bá ti mọ̀, bẹ́ẹ̀ gan-an ló ń rán an sára aṣọ funfun náà.

Ọjọ́ pé, wọ́n tẹ́ aṣọ mẹ́jọ sórí tábìlì ní Òkìtìpupa. Ti Agatha ń tàn yòò. Mísíìsì Ọdúnlámì dé ọ̀dọ̀ Dora, ó gbóòórùn èéfín, ó wo aṣọ, ó wo ọmọ. Ó fi àtàǹpàkò rìn lórí ẹ̀yìn akàn lọ síbi ẹja, ó tún padà, ó pẹ́ níbẹ̀.

“Mi ò rí irú ọwọ́ yìí rí,” ni ó wí. “Ṣùgbọ́n àwọ̀ ni mo ní kí ẹ yàn, Dora. Níbo ló wà? Àbí nǹkan kan ṣe òwú rẹ?”

Ohun tí Dora ní láti wí kò ju gbólóhùn kan lọ. Ṣùgbọ́n Agatha dúró nítòsí, ohun tí Agatha bá sì gbọ́ lówùúrọ̀, gbogbo Àyèká a ti gbọ́ ọ kó tó di ìrọ̀lẹ́.

“Rárá, mà,” ni Dora wí. “Bí mo ṣe yàn án nìyẹn.”

Ọ̀rọ̀ náà kò yé Mísíìsì, ó hàn lójú rẹ̀. Ó mi orí, ó kọ òfo síbi tí máàkì àwọ̀ wà. Agatha ló mú.

Ìyá àgbà ti jókòó dè é lẹ́nu ọ̀nà. Dora sọ fún un pé wọn kò mú òun, Erinje ló kù. Kò mọ̀ bóyá inú ń bí òun ni àbí àánú ló ń ṣe òun. Ìyá àgbà gba aṣọ náà, ó fi ìka wá ẹ̀yìn akàn, ó kan fìlà orí ẹja, ó wá rí agboòrùn. Ẹ̀rín sọ lẹ́nu rẹ̀.

“Àwọ̀ wo lo fún agboòrùn yìí?”

“Pupa ni, ìyá àgbà. Pupa fòò.”

“Ó dára bẹ́ẹ̀. Èmi náà, pupa ni ǹ bá yàn.” Ó ká aṣọ náà sórí itan, ó fọwọ́ pa á. “Ọlọ́run ló ní kí n tètè gbé òwú náà sókè uná.”

“Ẹ ṣeun, ìyá àgbà,” ni Dora wí, ó sì wọlé lọ di ẹrù rẹ̀.