Kọ̀ǹpútà Olúmidé tí Mùráínà Fọ̀

Ọjọ́ Jímọ̀ kejì lẹ́yìn tí wọ́n gbé òkú Olúmidé lọ sílé ni kọ̀ǹpútà rẹ̀ kọ́kọ́ tan ara rẹ̀. Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́sàn-án ni. Mùráínà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti mọ́ṣáláṣí dé, ó jókòó sétí ibùsùn rẹ̀ nínú yàrá tí òun àti Olúmidé jọ gbé ní Al Baraha, ní Dubai, ó ń bọ́ ìbọ̀sẹ̀. Kọ̀ǹpútà náà wà ní pípadé lórí àpótí, wáyà iná wà lára rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó sún mọ́ ọn. Fáànù inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Iná kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tàn.

"Ẹ̀gbọ́n," Sofiullahi tí wọ́n jọ ń gbé sọ láti orí ibùsùn òkè, "ṣé ẹ̀yin lẹ on nǹkan yẹn ni?"

"Rárá."

"Èmi náà kọ́ o."

Àwọn méjèèjì ń wò ó. Mùráínà kì í ṣe ẹni tí ẹ̀rù ń tètè bà. Ọdún mẹ́fà ló ti fi ń ṣe sikiọ́rítì nínú ilé gogoro kan ní Dubai Silicon Oasis, kò sì sí ariwo tí ọ́fíìsì òfìfo lè pa tí kò tíì gbọ́ rí. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ara rẹ̀ bù máṣọ. Òun fúnra rẹ̀ ló fọ kọ̀ǹpútà yẹn, ó sì mọ̀ dájú pé kò sí nǹkan kan tó jẹ́ ti Olúmidé tó ṣẹ́ kù sínú rẹ̀.

Gbogbo ọmọ Yorùbá tó wà láti Al Baraha títí dé Sharjah ló mọ Mùráínà sí Àlàájì Linux, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì lọ sí Mẹ́kà. Bí kọ̀ǹpútà ẹnì kan bá ń falẹ̀, tàbí tó ń gbóná, tàbí tó ní òun fẹ́ tún ara òun ṣe lásìkò tí ẹni tó ni ín fẹ́ fi wáṣẹ́, Mùráínà ni wọ́n ń gbé e wá bá. Kò ní í béèrè ohun tó ṣe é. Windows ni yóò kọ́kọ́ bú. Á ní ayálégbé lẹni tó bá ń lo Windows, pé onílé lè já wọlé bá a nígbà tó bá wù ú, kó ti àga rẹ̀ síbòmíràn, kó tún ní kó dúpẹ́. Á ní Linux, ètò ọ̀fẹ́ tó ń gbé sí ipò rẹ̀, ni ilé ara ẹni, ẹni tó bá wù lè wo ìpìlẹ̀ rẹ̀, ẹni tó bá sì mọ̀ ọ́n ṣe lè tún un kọ́. Ọ̀rọ̀ ilé yìí dùn lẹ́nu rẹ̀ gan-an fún ọkùnrin tí kò ní ju bedspace, ìyẹn àyè ibùsùn kan ṣoṣo, lọ ní gbogbo Dubai.

Ó tún ní àṣà kan. Kọ̀ǹpútà kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ láìjẹ́ pé ó fọ dísìkì rẹ̀. Kì í kàn pa ohun inú rẹ̀ rẹ́ bí àwọn tó kù ti ń ṣe, nítorí ohun téèyàn bá pa rẹ́ lásán ṣì wà níbẹ̀, ẹni tó bá mọṣẹ́ lè hú u jáde. Òfo ni Mùráínà máa ń kọ lé ohun gbogbo lórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dísìkì dé òpin, ẹ̀ẹ̀mẹta gbáko, bí ẹni ń ṣe àlùwàlá. Ó ní ìgbà kẹta ni nǹkan tó ń mọ́.

Olúmidé nìkan ni kò gbà fún un. Wéítà ni Olúmidé ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Al Barsha, ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni, ibùsùn rẹ̀ ló sì kọjú sí ti Mùráínà. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ gbó, ó wúwo, bátìrì rẹ̀ ti kú pátápátá. Windows orí rẹ̀, àwọn tó ṣe é gan-an ti pa á tì. Ọjọ́ Jímọ̀ ni àwọn méjèèjì máa ń wà nílé pọ̀ lọ́sàn-án, ọjọ́ náà ni wọ́n sì máa ń jiyàn lórí rẹ̀.

"Olúmidé, gbé e wá. One hour péré, á máa fò."

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò ní kó fò. Kó ṣáà ṣiṣẹ́. Ṣé ẹ rántí CV mi tí mo ṣí lórí tiyín? Orúkọ mi wà ní page one, surname mi wà ní page two."

"Torí pé Word lo fi kọ ọ́ ni."

"Gbogbo ayé ló ń lo Word. Ṣé HR á wá lọ download LibreOffice yín torí tèmi ni? Printer gan-an kì í dá yín lóhùn. Ẹ fi tèmi sílẹ̀ fún mi, habibi."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín, Olúmidé á sì fa aṣọ ìkélé yí ibùsùn rẹ̀ ká. Bí ìdajì wákàtí ló máa ń fi sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ níbẹ̀. Mùráínà rò pé ilé ló ń pè.

Nínú oṣù Fẹ́búárì, Olúmidé ṣubú lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ní ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlógójì ni. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sáré ìwé, wọ́n gbé òkú rẹ̀ lọ sí Abẹ́òkúta, wọ́n kó aṣọ rẹ̀ tẹ̀lé e. Kọ̀ǹpútà nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ sọ́wọ́ Mùráínà, pé kó bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹni tó ń lọ sílé tó gbé e fún Gbémi, ìyàwó olóògbé.

Mùráínà sunkún Olúmidé, ẹ má rò pé aláìláàánú ni. Ẹ̀sìn wọn yàtọ̀, kò lè bá wọn wẹ òkú rẹ̀, ẹnu iṣẹ́ ló sì wà nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú gbéra. Kọ̀ǹpútà yìí nìkan ni nǹkan tó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe fún un. Ó ṣí i, ó wo ibi tí àwòrán wà àti ibi tí lẹ́tà wà, ó sì fi ẹ̀sọ̀ kó gbogbo rẹ̀ sórí fláàṣì. Ó rí fódà ńlá kan, gígábáìtì mọ́kànlá, tó jókòó sábẹ́ orúkọ ètò kan tó ń gba ohùn sílẹ̀. "Windows àti ìdọ̀tí ẹ̀," ló wí, ó sì kọjá. Ó fọ dísìkì náà lẹ́ẹ̀mẹta, ó gbé Linux lé e, ó kó àwọn àwòrán padà síbẹ̀. Kọ̀ǹpútà tó máa ń pẹ́ kó tó jí wá ń sáré kiri. Inú Mùráínà dùn, ojú sì tì í díẹ̀ pé inú òun dùn, nítorí ó mọ̀ pé òun ti borí ẹni tí kò lè fèsì mọ́.

Nígbà tó wá tan ara rẹ̀ ní Jímọ̀ yẹn, Mùráínà pa á, ó ní iná ló ń ṣe ségesège. Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, ní ìṣẹ́jú kan náà, ó tún jí. Sofiullahi kò bá a jiyàn. Ó ká bùláńkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó ní òun ń lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun ní Sharjah.

"Bọ̀ọ̀dà yẹn ò tíì lọ," ló wí lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Nígbà tó di Jímọ̀ kẹta tó ń jí, Mùráínà nìkan ló jókòó dè é. Wọn kò tíì rí ẹni gba ibùsùn Olúmidé, afẹ́fẹ́ AC sì ń mi aṣọ ìkélé rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Ó di ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Fáànù yí, iná tàn. Ó ṣí ìdérí rẹ̀, ojú kọ̀ǹpútà sì ń wò ó bí ẹni tó ti múra sílẹ̀ tó ń retí ẹni tó dá àdéhùn. Ẹ̀rù bà á débi pé ó kí i. Ó ní, "Olúmidé, ṣé dáadáa ni?"

Lẹ́yìn náà ló rántí pé oníṣẹ́ ni òun. Ó tún un tàn, ó sì wọ ibi tó wà nísàlẹ̀ ohun gbogbo, ibi tí kọ̀ǹpútà máa ń kà kó tó mọ̀ pé Windows tàbí Linux wà láyé rárá. Níbẹ̀ ló ti rí i: kí kọ̀ǹpútà yìí máa tan ara rẹ̀ ní gbogbo Friday, aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Olúmidé ló ṣètò rẹ̀. Kò sí lórí dísìkì, inú ègé kékeré kan tí wọ́n jó mọ́ pátákó inú kọ̀ǹpútà ló wà, ibi tí ìfọ̀ Mùráínà kò lè dé láéláé. Ó rẹ́rìn-ín sókè, ó ní àṣé ètò lásán ni. Lẹ́yìn náà ló wá bi ara rẹ̀ pé kí ni Olúmidé ń jí kọ̀ǹpútà sí ní gbogbo Jímọ̀.

Kò pẹ́ tó fi gbọ́ ọ. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni Gbémi pè é.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú ìtọ́jú wa. Kọ̀ǹpútà yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án o."

"Kí ló wà níbẹ̀, ìyàwó wa?"

"Gbogbo Friday ni bàbá Tèmítáyọ̀ ń record ara ẹ̀ fún ọmọ wa. Ó lóun ò ní í fi ránṣẹ́, pé òun fúnra òun lòun máa gbé e wálé, kóun jókòó tì í kí wọ́n jọ gbọ́ ọ. Ọmọ yẹn ti pé ọdún mẹ́rin, ẹ̀gbọ́n, wọn ò fojú kanra rí. Ìgbà tó yẹ kó wálé ló pààrọ̀ iṣẹ́, visa tuntun ò jẹ́ kó rí leave gbà. Ohun tí ọmọ mi ní lára bàbá ẹ̀ nìyẹn."

Mùráínà rántí fódà gígábáìtì mọ́kànlá tó kọjá.

"Kò séwu," ló wí, ó sì gé fóònù.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Sharjah, ó gbé kọ̀ǹpútà náà mọ́ àyà. Ará Pakistan kan wà ní agbègbè àwọn onímẹkáníìkì níbẹ̀ tó ń hú nǹkan jáde látinú dísìkì tó ti kú. Wọ́n ní ó ti hú àwòrán ìgbéyàwó jáde lára dísìkì tó jóná rí. Mùráínà jókòó sórí ṣítúùlù láti àárọ̀ títí wọ́n fi pe ìrun ọ̀sán, ó ń fi ìka ka tẹ̀súbáà tí kò mú lọ́wọ́. Níkẹyìn, ọkùnrin náà yí ojú kọ̀ǹpútà sí i. Òfo ló kún ibẹ̀, ìlà lórí ìlà.

"Bhai, khalas," ló wí, ìyẹn ni pé, arákùnrin, ó ti tán. "Only zero. Who did this?"

"Me."

Ọkùnrin náà mi orí, ó wò ó tìyanu-tìyanu. "Very good work. Nobody can find anything here. Nobody."

Láti ọjọ́ tí Mùráínà ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, kò sí oníṣẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ tó yìn ín tó bẹ́ẹ̀ rí. Nínú bọ́ọ̀sì tó ń padà lọ sí Dubai, ó fi fìlà bo ojú, ó sunkún débi pé obìnrin Filipino tó jókòó tì í fún un ní tíṣù.

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó ti mọ irọ́ tó máa pa. Á ní dísìkì náà ló bàjẹ́. Dísìkì ògbólógbòó ni, gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé wọ́n ń kú. Á tilẹ̀ ní Windows ló bà á jẹ́ nígbà tó ń tún ara rẹ̀ ṣe. Windows ti ru ẹ̀bi púpọ̀ rí lẹ́nu Mùráínà, ẹyọ kan sí i kò ní í pa á. Ó tún ọ̀rọ̀ náà sọ fún ara rẹ̀ títí tó fi dùn gbọ́ létí rẹ̀.

Ọ̀sán Jímọ̀ ni Gbémi tún pè. Kọ̀ǹpútà náà ti jí, fáànù rẹ̀ ń yí lórí àpótí. Mùráínà lè pa ètò yẹn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọwọ́ rẹ̀ ni kò gbé e. Ó ya ẹnu láti purọ́, ó wo kọ̀ǹpútà tó ti dìde lákòókò tí wọ́n bá a dá, kò sì lè sọ ọ́ níwájú rẹ̀.

"Gbémi, èmi ni mo fọ̀ ọ́," ló wí.

"Ẹ fọ kí ni?"

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó sọ nípa fódà tó rí tó sì kọjá, ó sọ nípa ẹ̀ẹ̀mẹta, ó sọ nípa Sharjah. Kò di ẹ̀bi kankan ru Windows. Nígbà tó parí, adìẹ kan ń ké ní Abẹ́òkúta.

"Ẹ ò gbọ́ ẹyọ kan nínú ẹ̀ kẹ́ ẹ tó fọ̀ ọ́?"

"Mi ò gbọ́ ọ. Mo ṣẹ̀ ọ́. Mo ṣẹ ọmọ yẹn."

Ó retí èpè. Ó tilẹ̀ fẹ́ èpè náà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà wà nínú yàrá yẹn," Gbémi wí. Ìrètí wà nínú ohùn rẹ̀, ìyẹn ló sì burú jù. "Ó sọ fún mi. Ó ní ẹ máa ń wà níbẹ̀, pé curtain nìkan ló wà láàárín ẹ̀yin méjèèjì. Mi ò bínú sí yín. Ẹ ṣáà bá mi sọ ohun tó ń wí fún Tèmítáyọ̀. Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá rántí, kó tiẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ kan. Ó ti wà níbí, mo ti fi yín sí speaker."

"Ẹ káàsán sà," ọmọbìnrin kékeré kan wí.

Mùráínà di ojú. Ó rí àwọn Jímọ̀ yẹn, gbogbo wọn pátá. Ó rí sálúbàtà Olúmidé lábẹ́ aṣọ ìkélé. Ó rí ara rẹ̀ náà lórí ibùsùn yìí, tó ki íápíìsì bọ etí méjèèjì, tó ń yí ohùn fóònù rẹ̀ sókè kí wúyẹ́wúyẹ́ ẹnì kejì má bàa dí i lọ́wọ́, tó ń wo òyìnbó kan tó ń ṣàlàyé irú Linux tó ń yára tàn jù lọ. Ó lè ka gbogbo àlàyé òyìnbó yẹn lórí títí di báyìí. Ó rántí gbogbo ọ̀rọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ fi bú Windows lójú Olúmidé láti ọdún mẹ́rin, kò sí èyí tó sọnù níbẹ̀. Ó wá ọ̀rọ̀ kan péré tó ti ẹ̀yìn aṣọ yẹn wá, ó wá a kiri bí ará Pakistan yẹn ti wá a, òfo ló bá.

"Ẹ̀gbọ́n, a ń gbọ́ yín," Gbémi wí.

"Ó máa ń rẹ́rìn-ín," Mùráínà wí níkẹyìn. "Bó bá ti ń bá ẹ sọ̀rọ̀, Tèmítáyọ̀, ó máa ń rẹ́rìn-ín. Mo rí i tí aṣọ ń mì."

Ọmọ náà ronú sí i díẹ̀.

"Kí ló ń pa á lẹ́rìn-ín?" ló béèrè.

Mùráínà gbójú sókè wo aṣọ ìkélé tí afẹ́fẹ́ AC ń mì.