Ìkúnlẹ̀ Tó Lè Ba Ìwọ̀n Jẹ́

Àbídèmí ò gbọdọ̀ mira. Ara rẹ̀ yá o, kò sí egbò lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Wáyà tó dì mú ló sọ ọ́ di ère. Ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan l'Óṣogbo ló rán an wá sí yàrá kótópó tó wà nídìí òpó wọn, lápá oko Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Láti oṣù méjì ni ìgbì tó ń lọ tó ń bọ̀ láàrin òpó náà àti Ẹ̀jìgbò ti ń ṣe ségesège. Ọ̀gá rẹ̀ là á mọ́lẹ̀: bó bá jẹ́ àpótí rédíò tó ń rán ìgbì náà ló bàjẹ́, wọn yóò pààrọ̀ rẹ̀. Bí àpótí bá dá ṣáká, a jẹ́ pé ojú ọ̀nà ìgbì ni kò dáa, wọn yóò tú òpó gbé lọ. Òpó mìíràn ò sí níbẹ̀, ibẹ̀ sì ni àwọn ẹbí rẹ̀ ń gbé. Àbídèmí ń gbàdúrà kí àpótí bàjẹ́. Ẹ wo irú àdúrà!

Ìgbì tí wọ́n di ọ̀rọ̀ lé lórí kì í dá rìn. Wọ́n pọ̀, wọ́n ń yan bí ọmọ iléèwé lọ́jọ́ òmìnira. Bí ẹnì kan bá gbé òsì níbi tí àwọn yòókù ti gbé ọ̀tún, ìrìn ti bàjẹ́. Ẹsẹ̀ yẹn ni Àbídèmí fẹ́ wọ̀n. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìwọ̀n àti wáyà rẹ̀ náà máa ń da ẹsẹ̀ rú díẹ̀. Ìdí nìyí tó fi kọ́kọ́ so wọ́n mọ́ àpótí kékeré kan tí gbogbo ayé mọ ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ẹ̀rọ lè jẹ́wọ́ irọ́ tirẹ̀, kí wọ́n lè yọ irọ́ náà kúrò. Ó gbà á ní wákàtí kan gbáko! Epo jẹnẹrétọ̀ kékeré tó gbé wá fún ẹ̀rọ ìwọ̀n ò sì tó tún un ṣe. Bí wáyà bá ká, irọ́ rẹ̀ yóò yí padà, ó parí.

Ìgbà náà ni Bàbá Bùràímọ̀ wọlé, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tó lo ọgbọ̀n ọdún ní Abidjan.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá." Ìdúró ló kí wọn.

"Èmi? Ní ìdúró? C'est comment? Ṣé wọ́n gé orúnkún rẹ ní yunifásítì ni?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Bí mo bá kúnlẹ̀, wáyà yóò ká, a ò ní mọ̀ bóyá òpó yìí yóò dúró."

"Òpó tí mo fi ń gbọ́ ohùn Kàdíjà?"

Kàdíjà ni ọmọ wọn kan ṣoṣo. Àìsàn dá a dúró sí Abidjan. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ló ń pè.

Kíá, Bàbá di ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń lé àwọn tó ń kọjá. "Ẹni tó bá kí i lónìí, ọ̀tá mi ni! Àìná, kọjá lọ! Má wúkọ́! Mo ní má wúkọ́!"

Àbídèmí rọra gbé orí wáyà bọ inú àpótí rédíò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn àmì tò sójú kọ̀ǹpútà, wọ́n gún régé, ọ̀kan ò ṣi ẹsẹ̀ gbé. Lójú ẹsẹ̀ ni èsì gba orí òpó yẹn kan náà lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá.

Bàbá na ọrùn. "Wàláì, ó mọ́ bí abọ́ tánganran! Voilà!" Wọ́n ju fìlà sókè, ni wọ́n bá bú sí ijó.

Àbídèmí ò jó. "Bàbá, mímọ́ tó mọ́ yẹn ni wàhálà. Àpótí ò jẹ̀bi. Wọn yóò gbé òpó lọ."

Ijó dúró lórí ẹsẹ̀ kan.

"Kúnlẹ̀."

"Ẹ̀n?"

"Kúnlẹ̀ nísinsìnyí! Kí mi dáadáa, kí o tún un wọ̀n. Jọ̀ọ́, Dèmí."

Àbídèmí kúnlẹ̀. Wáyà ká, àwọn àmì fọ́n ká bí adìẹ tó rí àṣá. Ó ku díẹ̀ kó fi èyí ránṣẹ́, kó ní àṣìṣe ni ti àkọ́kọ́, ni atẹ̀jíṣẹ́ ọ̀gá bá wọlé: "Mo ti rí i. Iṣẹ́ rẹ mọ́ gan-an, o káre! Má wulẹ̀ tún un wọ̀n. Àwọn tí yóò tú òpó ń bọ̀ ní Mọ́ńdè."

Jẹnẹrétọ̀ wúkọ́, ó kú.

Ọjọ́ Jímọ̀ kọ́, ṣùgbọ́n Bàbá tẹ nọ́ńbà. Ohùn Kàdíjà ń já, ó ń já, ọ̀rọ̀ kan ò délẹ̀.

"Mò ń gbọ́ ọ," ni Bàbá wí. "Ẹ̀n-ẹ́n. Oui. Mò ń gbọ́ ọ dáadáa. Má tíì gé e o."

Àbídèmí wo tẹlifóònù létí wọn. Ìpè ti já tipẹ́, iná ojú rẹ̀ ti kú.