Ìpè Tí Mùtíátù Kò Jẹ́ Mọ́

Ẹ súnmọ́bí, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ wọlé, àyè ń bẹ lórí ẹní. Ẹ wá gbọ́ ohun tí Mùtíátù ṣe ní Agbowó.

Fídíò ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ní pálọ̀ Sùlàímọ́nù ọkọ rẹ̀ lọ́sàn-án Sátidé. Ọlábọ̀dé, ọmọ yunifásítì tó háyà yàrá lọ́dọ̀ wọn, ló mú kásẹ́ẹ̀tì náà wá. Sinimá ọ̀hún lọ́jú pọ̀! Ọkùnrin kan ń fi orúkọ obìnrin mìíràn pe ìyàwó rẹ̀. Bí ìyàwó bá ti jẹ́ ẹ, ojú rẹ̀ á yí padà díẹ̀. Nígbà tó yá, ìyá tó bí i kanlẹ̀kùn, kò dá a mọ̀ mọ́.

"Àlá ni gbogbo ẹ̀," Ọlábọ̀dé wí.

"Àlá kẹ̀?" Ṣọlá ọ̀rẹ́ rẹ̀ fèsì. "Obìnrin yẹn ti ya wèrè ni jàre!"

Sùlàímọ́nù rẹ́rìn-ín. "Ìwé àkàjù ló ń dà yín láàmú. Sàídátù! Gbé mọ́ínmọ́ín wá fún àwọn àlejò."

Mùtíátù ò mira. Sàídátù ni ìyàwó tí Sùlàímọ́nù kọ́kọ́ fẹ́, tó ti dolóògbé kí Mùtíátù tó wọlé. Orúkọ òkú ni ọkọ fi ń pe alààyè, Mùtíátù sì ń jẹ́ ẹ nítorí àánú, títí gbogbo àdúgbò fi gbà á lẹ́nu ọkọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá rẹ̀ wá láti Ìsẹ́yìn, ó béèrè Mùtíátù lọ́wọ́ ará ilé iwájú. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀ ọ́n. Díẹ̀ ló kù kí ìyá padà sílé.

"Sàídátù, o ò gbọ́ ni?"

"Mo gbọ́, Bàbá Àmínà. Èmi kọ́ lẹ ń pè."

Mùtíátù kọjú sí Ṣọlá.

"Obìnrin inú fídíò yẹn ò ya wèrè," ó ní. "Jíjẹ́ tó ń jẹ́ ẹ ló pa á lára! Ṣebí wọ́n kọ́ wa ní kékeré pé téèyàn ò bá mọ ẹni tó ń pè é, kó má jẹ́ ẹ? Èmi wá ń jẹ́ ìpè òkú lójoojúmọ́! Ó tó."

"O fẹ́ dójú tì mí níwájú àlejò?"

"Kọ́kọ́rọ́ kíṣìnnì rèé létí ìró mi. Ẹ gbà á bẹ́ ẹ bá lè gbà á." Ló bá ki orin bọ ẹnu:

"Orúkọ tí bàbá mi sọ mí,
N ò tà á, n ò fi tọrẹ.
Ẹ pè mí bẹ́ẹ̀, màá jẹ́ o!"

Ṣọlá ti ń gbè é. Ìyá Sùlàímọ́nù, tó ti bá wọn wo fídíò, gbóhùn sókè láti orí àga rẹ̀: "Sùlé, ebi ń pa mí o! Àbí o ò mọ orúkọ ẹni tó se oúnjẹ ni?"

Sùlàímọ́nù wolẹ̀. "Bí mo bá pa orúkọ yẹn tì, bí ẹni pé mo tún sin ín lẹ́ẹ̀kejì ni."

"Ẹ máa pè é nínú àdúà," Mùtíátù wí. Ohùn rẹ̀ rọ̀, ṣùgbọ́n kò dìde. "Màá bá yín ṣe àmín. Èmi ńkọ́?"

Sùlàímọ́nù gbójú sókè. "Mùtíátù."

"Ẹ pariwo ẹ̀, kí wọ́n gbọ́ nílé iwájú!"

"Mùtíátù o!"

"Ẹ̀ẹ́n, Bàbá Àmínà! Mo ti ń bọ̀!"

Mọ́ínmọ́ín dé, ẹ̀kọ tútù tẹ̀ lé e. Ariwo náà mú ará ilé iwájú wá yọjú, àwọn náà jókòó tì í. Wọ́n jẹ, wọ́n lá ewé. Bí oníkálukú ṣe ń fọwọ́ pa ikùn lọ sílé, wọ́n ń wí lẹ́nu ọ̀nà pé, "Mùtíátù, a yó o!"