Kí Ló Ń Tì Í Lọ Sọ́dọ̀ Oòrùn?

Samson sáré wọ gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń ṣe ìdíje sáyẹ́ǹsì àwọn ọmọ ilé-ìwé, tòun ti gíríìsì lọ́wọ́. Mazamaza ló ti wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá wá sí Festac, nítorí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé òun ti kọ́ ọmọ òun ní ohun tí kì í ṣe òótọ́.

Ẹ̀bùnlọlá ọmọ rẹ̀ ti wà lórí pèpéle. Ẹni tó bá borí lónìí ni yóò ṣojú Amúwo-Ọ̀dọ̀fin níwájú gbogbo Èkó. Ẹ̀rọ tí wọ́n rán lọ yẹ Oòrùn wò ni ìbéèrè tó kẹ́yìn dá lé, Samson ló sì fi oṣù méjì kọ́ ọmọ náà nípa rẹ̀ nílé. Eré ẹ̀rọ náà ń dùn mọ́ ọn nínú: bó bá sún mọ́ Oòrùn tán, ìṣẹ́jú àáyá kan tó láti gbéra ní Festac kó sì kọjá Ọ̀yọ́. "Ẹńjìnnì tó gbóná ni," ló sọ fún ọmọ náà. Mẹkáníìkì tírélà ni. Kí ni ìbá tún sọ?

Àfi láàárọ̀ yìí tó ń dúró de páàtì ọkọ̀ tó ń tún ṣe, tó kà á lórí fóònù. Rọ́kẹ́ẹ̀tì kàn gbé e kúrò lórí ilẹ̀ ayé ni. Ẹńjìnnì kọ́ ló ń sá eré yẹn.

Ó na ọwọ́ sókè sí ọmọ náà.

"Dádì Ẹ̀bùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó," Àǹtí Lilian, tíṣà wọn, sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. "Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n lé wa ni?"

Ó jókòó. Ẹyin lohùn; tirẹ̀ ti fọ́ láti oṣù méjì.

"Kí ló ń mú un sáré tó bẹ́ẹ̀?" olùbéèrè bi í.

"Oòrùn ló ń fà á, sà," ni Ẹ̀bùnlọlá wí. "Bíi tírélà tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí bíríìjì Máìlì Tuu, tí dẹ́rẹ́bà ti yọ ọ́ kúrò ní jíà. Bó ṣe ń sún mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ leré ẹ̀ ń pọ̀. Tó bá yí i ká tán, tó ń padà lọ, á tún rọra."

Ẹ̀rín sọ, àtẹ́wọ́ tẹ̀ lé e. Samson mí kanlẹ̀.

Nígbà tí wọ́n jáde, ó bi í pé, "Ìgbà wo lo mọ̀?"

"Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Dádì."

"O ò sì sọ fún mi, ìwọ ọmọ yìí!"

"Inú yín ń dùn púpọ̀ ni, sà."

Samson rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta: ọmọ náà ń mi orí, ó ń bi í léèrè nípa ẹńjìnnì tí kò sí, ó sì ń fi sùúrù dúró kí bàbá rẹ̀ ṣàlàyé tán.